Ẹnikẹ́ni Kò Rọ Lẹ́sẹ̀ Ládùúgbò Wa: Ṣé Polio Kò Sí Nìyẹn?

Bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bá gbé kúlà kọ́ èjìká wọ agboolé kan ní Bẹẹrẹ tàbí Ọjà'ba n'Ìbàdàn láti kán àjẹsára polio sí àwọn ọmọdé lẹ́nu, kò ṣọ̀wọ́n kí ìyá àgbà kan bi wọ́n pé: “Ta lẹ rí níbí tó rọ lápá tàbí tó rọ lẹ́sẹ̀?” Ìbéèrè náà kì í ṣe ti aláìmọ̀kan rárá, nítorí orúkọ tí àwa fúnra wa fún àrùn náà, rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, ti kọ́ wa láti máa fojú wá ẹni tó rọ.

Ṣùgbọ́n rírọ kọ́ ni iṣẹ́ tí kòkòrò tó ń fa àrùn yìí sábà máa ń ṣe. Ìfun ni ilé rẹ̀. Ẹnu ló ń gbà wọlé, láti inú omi tàbí oúnjẹ tí ìgbọ̀nsẹ̀ ti kàn, tàbí láti ọwọ́ tí a kò fọ̀. Á máa pọ̀ sí i lọ́nà ọ̀fun àti nínú ìfun, á sì máa bá ìgbọ̀nsẹ̀ jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó bá kó o kì í mọ nǹkan kan lára. Ara àwọn mìíràn a gbóná fún ọjọ́ díẹ̀, ìyá wọn a sì pè é ní ibà lásán. Nínú nǹkan bí 200 tó bá kó o, ẹyọ kan ló máa ń wọ mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, tí ẹsẹ̀ á sì kọ̀ tí kò ní gbéra mọ́. Nítorí náà, kí ojú wa tó rí ọmọ kan ṣoṣo, àrùn náà lè ti gba ara nǹkan bí 200 tó ń sáré kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá.

Ìdí nìyí tí wọn kì í fi ojú lásán dá polio mọ̀. Bí ẹsẹ̀ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 bá ṣàdédé rọ, wọ́n á gba ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán wákàtí 24 síra, kí ọjọ́ 14 tó pé, wọ́n á sì gbé e nínú yìnyín lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ọ̀kan nínú irú ilé àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ wà ní Ìbàdàn níbí, lábẹ́ ẹ̀ka Virology, ìyẹn ẹ̀ka tó ń kọ́ nípa irú kòkòrò báyìí, ti Yunifásítì Ìbàdàn.

Àwọn kan á ní ṣebí wọ́n ti kéde pé polio tán. Òótọ́ ni pé ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé ojúlówó kòkòrò náà ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀tọ̀ ni èyí tó kù. Kòkòrò tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú àjẹsára tí wọ́n ń kán sẹ́nu. Níbi tí àwọn ọmọ tí kò gbà á bá ti pọ̀, ó lè máa ti ara ọmọ kan bọ́ sí ara òmíràn fún oṣù púpọ̀, títí agbára rẹ̀ á fi padà. Irú kejì nínú irú mẹ́ta tí kòkòrò polio pín sí ló ti fa wàhálà yìí jù ní Nàìjíríà. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí kán àjẹsára tuntun kan níbí ní oṣù Kẹta ọdún 2021, èyí tí wọ́n tún kòkòrò inú rẹ̀ tò kí agbára kòkòrò náà má baà tètè padà.