Ẹ̀fọ́ Rírò Láìsí Ẹran: Ọ̀rọ̀ Omi Inú Spinach

Ìdì spinach tó kún abọ́ ńlá bámúbámú, tó dà bí ẹni pé yóò bọ́ èèyàn mẹ́fà, ìṣẹ́jú kan péré nínú omi gbígbóná ti sọ ọ́ di ẹ̀kúnwọ́ kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rà á nílùú òyìnbó láti fi rọ́pò tẹ̀tẹ̀ sábà máa ń rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Wọn ò rẹ́ ẹ jẹ. Omi ló rà.

Nínú gíráàmù 100 ewé spinach tútù, nǹkan bí gíráàmù 91 ni omi. Omi yìí ò sí lára ewé bí ìrì; inú àwọn yàrá kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí ló wà, afẹ́fẹ́ sì wà láàárín yàrá kan sí èkejì. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń jẹ́ kí ewé náà wú sókè nínú abọ́. Bí iná bá ti kàn án, ògiri àwọn yàrá náà á dẹ̀, afẹ́fẹ́ á sá jáde, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Gbogbo ohun tó le nínú fífi spinach ro ẹ̀fọ́, ibi omi yìí ló ti bẹ̀rẹ̀, àgàgà tí kò bá sí ẹran nínú ọbẹ̀.

Spinach àti tẹ̀tẹ̀ kì í ṣe àjèjì síra wọn. Ìdílé ewéko kan náà ni wọ́n ti wá, ṣọkọ náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ olóoru ló bá tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ lára mu. Ìhà Páṣíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbin spinach, ojú ọjọ́ tó tutù díẹ̀ ló sì fẹ́. Bí ooru bá mú un jù, kíákíá ló máa yọ òdòdó, ewé rẹ̀ á sì korò. Ewé ṣọkọ gba rírò: ó lè pẹ́ díẹ̀ nínú ata kó má fọ́. Spinach kò rí bẹ́ẹ̀, pàápàá èyí tí ewé rẹ̀ kéré tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá. Wọ́n ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́. Spinach ní tiẹ̀ máa ń tẹ́ bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ sórí iná.

Nínú ẹ̀fọ́ ẹlẹ́ran, omi ẹran, ọ̀rá ara ẹran, edé àti ẹja gbígbẹ ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Bí ẹ̀fọ́ bá tiẹ̀ ṣomi, omi náà ṣì dùn. Mú gbogbo wọn kúrò, kí ẹ̀fọ́ wá ṣomi, omi olóòórùn koríko ló máa kù nínú ìkòkò. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi gbà pé ẹ̀fọ́ tí kò lẹ́ran kò lè dùn. Ẹ̀fọ́ kọ́ ló jẹ̀bi.

Ohun tí omi ẹran ń ṣe lẹ́nu, irú lè ṣe é. Hóró inú èso igi ìgbá ni wọ́n ń sè fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí èèpo rẹ̀ á fi rọ̀. Wọ́n á bó o, wọ́n á tún un sè, wọ́n á wá bò ó mọ́lẹ̀ nínú ooru fún bí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, bakitéríà ń já purotéènì inú hóró náà sí wẹ́wẹ́. Gúlútámétì wà lára àwọn wẹ́wẹ́ yẹn, òun náà ló sì ń fún magí ní adùn tó máa ń pẹ́ lẹ́nu. Irú pẹ̀tẹ̀ máa ń yọ́ mọ́ ata. Irú wooro á dúró ní hóró hóró, eyín á máa bá a pàdé. Nínú ẹ̀fọ́ tí kò lẹ́ran, wooro ló yẹ, nítorí eyín ṣì ń wá nǹkan tí yóò rún. Ní ti magí fúnra rẹ̀, ẹni tó ń yẹra fún ẹran pátápátá ní láti ka ara páálí kó tó tú u sọ́bẹ̀, torí adìẹ tàbí edé wà nínú òmíràn.

Olú ń ran irú lọ́wọ́, àmọ́ olú náà kún fómi bíi spinach. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dín in, nínú páànù tó ti gbóná dáadáa, láìkó o jọ lé ara wọn, títí omi rẹ̀ á fi gbẹ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì pọ́n. Ẹni tí kò ka wàrà léèwọ̀ lè dín wàrà sí i. Omi ewé bòmubòmu ni àwọn Fúlàní fi ń mú wàrà dì, kì í ṣe nǹkan tí wọ́n yọ látinú ẹran, bí wọ́n ti ń ṣe sí àwọn wàrà òyìnbó mìíràn.

Ewé spinach kò gbọdọ̀ ti tútù bọ́ sínú ata. Omi púpọ̀ ló máa kọ́kọ́ hó yaya nínú ìkòkò, wọ́n á da ewé sí i, wọ́n á kà á dé ọgbọ̀n tàbí ọgọ́ta, wọ́n á dà á sínú asẹ́, wọ́n á sì da omi tútù lé e lórí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Omi tútù yẹn pọn dandan, torí ewé tó ṣì gbóná nínú asẹ́ ń jinná lọ ni. Lẹ́yìn náà ló kan fífún. Wọ́n á kó o sáàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, wọ́n á fún un bí ẹni ń fún aṣọ. Lẹ́ẹ̀kíní, omi á tú yàà. Lẹ́ẹ̀kejì, á máa kán tó, tó, á sì ṣú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọwọ́ á ti máa ro èèyàn, ohun tó kù á sì di ìṣù kan tó tóbi bí ọsàn, tí ojú ìka hàn lára rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọ̀pọ̀ ń fún un, ibẹ̀ sì ni ọbẹ̀ ti ń bàjẹ́. Ìṣù náà ni wọ́n á fi ọ̀bẹ gé sọ́nà mẹ́rin tàbí márùn-ún, wọ́n á fi ìka tú u palẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bó ṣe ṣù náà ni yóò ṣe wà nínú ata.

Omi tí wọ́n dà nù yẹn gbé díẹ̀ lọ nínú vitamin C, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó gbé èròjà kan tí wọ́n ń pè ní oxalate lọ pẹ̀lú, ìyẹn sì tó èrè. Oxalate ló ń jẹ́ kí eyín dà bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun kùn ún, lẹ́yìn tí èèyàn bá jẹ spinach. Òun náà ló ń di kálísíọ́ọ̀mù inú ewé mú, débi pé nínú 100 tó wà níbẹ̀, nǹkan bí 5 péré ni ara ń rí gbà, nígbà tí ti mílíìkì tó bí 30. Ẹni tí òkúta inú kíndìnrín ti ń yọ lẹ́nu sì gbọ́dọ̀ bi dókítà léèrè kó tó sọ spinach di oúnjẹ ojoojúmọ́. Tẹ̀tẹ̀ náà ní oxalate. Àwọn ìyá tó ń bọ ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń da omi rẹ̀ nù kò pe orúkọ yẹn rí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ata ni ibòmíràn tí omi sá pamọ́ sí. Tàtàṣé, rodo àti àlùbọ́sà ni. Bí tòmátì bá wà níbẹ̀ rárá, kó má ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n kì í lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n sì ń sè é lásán títí omi ara rẹ̀ á fi gbẹ kí wọ́n tó gbé epo kaná. Àwọn kan máa ń jẹ́ kí epo pupa gbóná títí yóò fi funfun. Òórùn rẹ̀ dùn, kò sẹ́ni tó máa jiyàn ìyẹn, ṣùgbọ́n àwọ̀ pupa tó sọ nù ni ara ìbá sọ di vitamin A. Spinach náà ní irú èròjà yìí, epo ló sì ń ràn án lọ́wọ́ láti wọ ara. Kí epo gbóná níwọ̀nba, kí àlùbọ́sà dín nínú rẹ̀, kí irú tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà kí ata wọlé.

Ìdí mìíràn tí tòmátì kò fi yẹ kó pọ̀ ni àwọ̀. Máginísíọ́ọ̀mù wà láàárín èròjà tó ń sọ ewé di àwọ̀ ewé. Ásíìdì ló ń lé e kúrò níbẹ̀, ewé á sì ṣú bí ewé tábà. Ásíìdì wà nínú spinach fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì máa ń bá ooru jáde bí ìkòkò bá ṣí sílẹ̀. Bí wọ́n bá dé e, ṣe ni yóò kán padà sórí ewé. Káún lè mú kí àwọ̀ náà dúró digbí, ṣùgbọ́n á ba vitamin C jẹ́, á sì sọ spinach di nǹkan yọ̀ọ̀yọ̀. Kò sídìí fún un.

Fún ẹni tí kò gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ ara rẹ̀ nídìí fífún, ẹ̀gúsí ni àbùjá. Wọ́n á fi omi díẹ̀ po ẹ̀gúsí lílọ̀, wọ́n á máa ṣẹ́ ẹ sínú ata ní ṣíṣù ṣíṣù, wọn ò sì ní rò ó fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ooru á mú un dì, á sì máa fa omi tó bá kù sínú. Purotéènì inú ẹ̀gúsí sì tó ìdá kan nínú mẹ́rin, nítorí náà ó ń dí lára àlàfo tí ẹran fi sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ áyọ́ọ̀nù, ìyẹn èròjà irin, inú spinach ni àwọn èèyàn ti pariwo jù. Ó wà níbẹ̀, nǹkan bí mílígíráàmù 2.7 nínú gíráàmù 100 ewé tútù, ṣùgbọ́n irú èyí tó wà nínú ewéko ṣòro fún ara láti gbà ju ti ẹran lọ. Vitamin C ló ń ṣílẹ̀kùn fún un. Nítorí pé èyí tó wà nínú ata ti dínkù lórí iná, ọsàn kan lẹ́yìn oúnjẹ wúlò gan-an. Tíì ní tiẹ̀ ń dí i lọ́nà, kí wọ́n jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó mu ún. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò gbọdọ̀ jẹ spinach rẹpẹtẹ lónìí kó sì pa á tì lọ́la, torí vitamin K inú rẹ̀ ń tako oògùn náà. Ìwọ̀n kan náà ni kó máa jẹ.

Spinach inú firisa ti gba bíbọ̀ kó tó dì. Kí ó yọ́, kí wọ́n fún un, ó parí.

Ẹ̀fọ́ ló ń wọ ìkòkò kẹ́yìn, lẹ́yìn irú, ata, ẹ̀gúsí àti olú, ìkòkò á sì wà ní ṣíṣí. Iyọ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń fi sí i, torí iyọ̀ ń fa omi jáde lára ewé. Wọ́n á tọ́ ọ wò ní ìparí kí wọ́n tó fi kún un. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó. Wọ́n á fi ṣíbí la àárín ọbẹ̀ náà já títí ìdí ìkòkò á fi hàn. Bí omi bá sáré padà bo ojú ọ̀nà náà, ó ṣì kù. Bó bá jẹ́ epo nìkan ló ń rọra yọ́ padà, kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀.