Òkúta Wẹ́wẹ́ Ìsàlẹ̀ Abọ́ Kì í Gba Gbòǹgbò Lọ́wọ́ Omi

Mo ṣe ọgbà kékeré kan sínú abọ́ gíláàsì fún tábìlì àárín pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí wọ́n ń gbé ní Àjàrà, ní Àgbádárìgì. Mo da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ abọ́ náà, mo tẹ́ èédú lé e, mo da ilẹ̀dú sórí èédú, mo sì gbin rínrín àti àbámọdá síbẹ̀, kí n tó fi ìkarahun ìgbín àti owó ẹyọ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Kò tó oṣù kan tí rínrín fi dọ̀bálẹ̀, tí àbámọdá rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, tí abọ́ náà sì ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Nígbà tí mo tú u, ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu: ilẹ̀dú ti di ẹrọ̀fọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin lásán ló wà lára òkúta tí mo ti gbẹ́kẹ̀ lé pé yóò gba omi àjẹjù sọ́dọ̀.

Ìgbàgbọ́ tó mú mi ṣe bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀ láàárín wa. Àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ń sọ ọ́ fún oníbàárà, àwọn tó ń ṣe irú abọ́ bẹ́ẹ̀ fún tábìlì ìgbéyàwó sì ń tẹ̀ lé e: wọ́n ní bí abọ́ kò tilẹ̀ ní ihò, bí òkúta bá ti wà nísàlẹ̀, omi yóò ṣàn lọ síbẹ̀, gbòǹgbò yóò sì bọ́ lọ́wọ́ ìjẹrà. N kò bá ẹnikẹ́ni tó gbà á gbọ́ wí, nítorí ojú gbogbo wa ni omi òjò ṣe ń gba àárín òkúta kọjá nínú ọgbà ilé, tí ilẹ̀ sì ń gbẹ kíá. Àmọ́ omi tó ń ṣàn lórí ilẹ̀ àti omi tó ti wọnú erùpẹ̀ kì í hùwà kan náà.

Àlàfo tóóró ló wà láàárín hóró erùpẹ̀ kan àti èkejì, àwọn àlàfo náà sì máa ń di omi mú gẹ́gẹ́ bí òwú àtùpà ṣe ń fa kẹrosíìnì gòkè tí kì í jẹ́ kó padà sílẹ̀. Bí àlàfo bá ṣe tóóró tó ni agbára tí ó fi ń di omi mú ṣe ń pọ̀ tó. Àlàfo àárín òkúta wẹ́wẹ́ fẹ̀, kò sì ní agbára tí ó lè fi já omi gbà lọ́wọ́ ilẹ̀dú. Nítorí náà, bí omi bá ti dé ojú ibi tí ilẹ̀dú àti òkúta ti pàdé, ńṣe ni yóò dúró síbẹ̀, yóò sì máa kóra jọ nínú ilẹ̀dú títí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò fi kún dẹ́múdẹ́mú, ẹ̀yìn ìgbà náà ni yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú òkúta. Nígbà tí kíkán náà bá sì dáwọ́ dúró, ilẹ̀dú tó wà lójú ìpàdé yẹn yóò ṣì wà ní rírin gbingbin. Láti ọdún 1907 ni Edgar Buckingham, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, ti tẹ ìwádìí jáde lórí bí erùpẹ̀ ṣe ń fa omi mọ́ra tí ó sì ń dì í mú.

Ẹ jẹ́ ká fi ìwọ̀n sí i. Ká ní abọ́ kan jìn ní sẹ̀ǹtímítà 12, tí irú ilẹ̀dú tí a lò sì máa ń ní sẹ̀ǹtímítà 3 tí kì í gbẹ nísàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá bu omi sí i. Bí ilẹ̀dú nìkan bá kún abọ́ náà, gbòǹgbò ní sẹ̀ǹtímítà 9 tí ó lè mí nínú rẹ̀. Bí a bá fi òkúta gba sẹ̀ǹtímítà 5, ilẹ̀dú ku 7, omi yóò gba 3 nínú rẹ̀, 4 péré ni yóò sì ṣẹ́ kù fún gbòǹgbò. Òkúta tí a ní kó gbé omi jìnnà ni ó gbé e súnmọ́ gbòǹgbò.

Àwọn bíríkìlà wa ti mọ ìwà omi yìí tipẹ́. Ní Àgbádárìgì tí omi kò jìnnà sí ojú ilẹ̀, wọ́n máa ń tẹ́ òkúta sábẹ́ ilẹ̀ ilé kí wọ́n tó da kọnkéré, kí omi má bàa gun ògiri. Òkúta ń ṣe iṣẹ́ yẹn nítorí pé àlàfo rẹ̀ fẹ̀ jù láti fa omi. Ohun tí wọ́n ń lò láti dá omi dúró ni àwa ń tẹ́ sínú abọ́, tí a sì ń retí pé kó fa omi.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i lè mú fóòmù pẹlẹbẹ tí a fi ń fọ abọ́, kí ó rì í sínú omi, kí ó sì gbé e lélẹ̀ gbalaja lórí àtẹ́lẹwọ́ títí omi kò fi ní kán mọ́. Kí ó wá gbé e nàró láìfún un. Omi yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ìdí ni pé ìwọ̀n gíga kan náà ni omi máa ń dúró sí nísàlẹ̀ fóòmù, bóyá ó nàró ni o tàbí ó dùbúlẹ̀, nítorí náà èyí tó ga ló ní àyè gbígbẹ púpọ̀ lókè. Bákan náà ni erùpẹ̀ inú abọ́ rí.

Gbòǹgbò nílò atẹ́gùn, atẹ́gùn kì í sì í ráyè kọjá nínú omi bí ó ṣe ń kọjá nínú àlàfo gbígbẹ. Ó máa ń lọ́ra ní nǹkan bí ìlọ́po 10,000. Gbòǹgbò tí kò rí atẹ́gùn á kú, àwọn kòkòrò àìfojúrí á sì sọ ọ́ di ìjẹrà. Òórùn ẹyin bíbàjẹ́ tí mo gbọ́ kò ṣẹ̀yìn àwọn tó máa ń gbèrú níbi tí atẹ́gùn kò sí. Èédú tí a fi ń dáná kò lè yí èyí padà, nítorí kì í gbé omi kúrò nínú abọ́.

Ìtàn dókítà Nathaniel Ward ní London wúlò gan-an níbí. Ní ọdún 1829, ó sin kòkòrò kan tó fẹ́ pa ara dà di àfòpiná sínú iyẹ̀pẹ̀ tútù nínú ìgò tó ní ìdérí, ó sì rí i pé ewéko fern kan àti koríko kan hù níbẹ̀. Wọ́n wà láàyè fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin láìsí ẹni tó bu omi sí wọn, nítorí ọ̀rinrin tó ń gòkè lára iyẹ̀pẹ̀ ń dì mọ́ ara ìgò, ó sì ń padà sílẹ̀. Ìgbà tí ìdérí náà dípẹtà, tí omi òjò ráyè wọlé, ni wọ́n kú.

Abọ́ tó ní ihò nísàlẹ̀ ló dára jù, kí erùpẹ̀ inú rẹ̀ sì jẹ́ irú kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa tí àgbọn pọ̀, mo máa ń gé èèpo àgbọn wẹ́wẹ́ pọ̀ mọ́ ilẹ̀dú kí àlàfo inú rẹ̀ lè fẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń kọ́kọ́ rẹ èèpo náà sínú omi tútù, kí n sì da omi náà nù, nítorí iyọ̀ tó lè wà lára èèpo náà. Yanrìn etí òkun kò yẹ rárá nítorí iyọ̀ yìí kan náà. Bí ó bá jẹ́ pé abọ́ gíláàsì tí kò ní ihò ni ó wu ènìyàn, kí ó gbin ewéko sínú ike kékeré tó ní ihò, kí ó sì gbé ike náà sínú abọ́. Ibí yìí ni òkúta wẹ́wẹ́ ti wúlò ní tòótọ́, nítorí ó ń gbé ìdí ike kúrò nínú omi tó bá jáde, ẹni tó ni ín sì lè da omi náà nù.

Àṣìṣe mìíràn tún wà nínú abọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe. Rínrín fẹ́ ibòji àti ọ̀rinrin, ṣùgbọ́n inú ewé ni àbámọdá àti ọ̀dúndún ń tọ́jú omi sí, wọ́n sì fẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ kí a tó tún bu omi sí i. Kò yẹ kí n kó wọn sójú kan.

Abọ́ tuntun tí mo gbé lọ sí Àjàrà kò ní òkúta kankan nísàlẹ̀. Rínrín nìkan ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú owó ẹyọ mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń gbé e wò láràárọ̀, bí ó bá sì ti fúyẹ́, wọ́n á fi ṣíbí ìjẹun bu omi díẹ̀ sí i.