Ẹ dá tẹmósítáàtì padà sáyè rẹ̀

Pípààrọ̀ rédíétọ̀ kò le. Kí ẹ́ńjìnì kọ́kọ́ tutù, kí a da omi inú rẹ̀ nù, kí a yọ họ́ọ̀sì òkè àti tìsàlẹ̀, kí a tú nọ́ọ̀tì, kí a gbé ògbólógbòó jáde, kí tuntun wọlé. Ohun tí àwọn mẹkáníìkì máa ń yọ sọnù níbi iṣẹ́ yìí ló yẹ ká gbé yẹ̀ wò: tẹmósítáàtì, ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣọ́ ọ̀nà tí omi ń gbà láàárín ẹ́ńjìnì àti rédíétọ̀.

"Ọ̀gá, ìlú òyìnbó ni wọ́n ti nílò ẹ̀. Ibí gbóná. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́." Kò sí ẹni tó ní mọ́tò ní Iléṣà tí irú ọ̀rọ̀ yìí máa ṣe àjèjì sí. Ó bọ́gbọ́n mu létí, àmọ́ irọ́ ni. Bí oòrùn ọ̀sán Iléṣà bá le dé 35°C, ẹ́ńjìnì ṣì ń wá nǹkan bíi 90°C kó tó lè ṣiṣẹ́ dáadáa.

Kóró idẹ kékeré kan ló wà láàárín tẹmósítáàtì, ìda ló sì wà nínú kóró náà. Kò ní wáyà, kò lo iná. Bí omi bá gbóná dé nǹkan bíi 82°C (òmíràn ń dúró di 88°C), ìda á yọ́, á wú, á sì fi agbára ti ilẹ̀kùn ṣí. Bí omi bá tutù, ìda á sún kì, sìpíríìnì á ti ilẹ̀kùn padà. Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí i, kó fi okùn gbé e kọ́ sínú ìkòkò omi lórí sítóòfù. Á rí i tí yóò máa la ẹnu díẹ̀díẹ̀ kí omi tó hó. Èyí tí omi hó tí kò lanu ti kú nìyẹn.

Oníbodè ni, àmọ́ bodè méjì ló ń ṣọ́. Ọ̀kan já sí rédíétọ̀. Èkejì ni ọ̀nà àbùjá tí omi fi ń padà sínú ẹ́ńjìnì láì kan rédíétọ̀ rárá. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, títí kan Toyota púpọ̀, bó ṣe ń ṣí ti àkọ́kọ́ ló ń ti àbùjá pa. Ẹ wá lé oníbodè lọ, bodè méjèèjì ṣí gbayawu, omi gbígbóná á máa yà sí àbùjá láìsanwó ibodè. Ìdí nìyẹn tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi lè tutù nini nínú ìlú, kó wá máa hó nígbà tó bá rẹrù gun òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Nínú ìlú náà, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á rò pé ẹ́ńjìnì kò tíì móoru, á máa da epo sí i. Ẹni tó ni ọkọ̀ á máa bú àwọn tó ń ta epo.

Àbùkù rẹ̀ kan ni pé bó bá máa kú, ó lè kú ní títì, ọkọ̀ á sì gbóná gan-an. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi kànga tí wọ́n ń rọ́ sí rédíétọ̀ dípò kúláǹtì (omi tí wọ́n ṣe fún mímú ẹ́ńjìnì tutù) wà lára ohun tó ń pa á: ìpẹtà.

Bí ẹ bá ń dá a padà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní ihò kékeré kan tí irin wẹ́wẹ́ ń mì nínú rẹ̀. Òkè ni kó kọjú sí, kí afẹ́fẹ́ lè ríbi jáde. Ẹ rọ kúláǹtì, ẹ tan ẹ́ńjìnì nígbà tó ṣì tutù láì tíì dé ìdérí, kí ẹ sì máa fọwọ́ kan họ́ọ̀sì. Nígbà tí èyí tó ti lọ́wọ́ọ́rọ́ bá gbóná lójijì, ilẹ̀kùn ti ṣí. Kúláǹtì á lọ sílẹ̀. Ẹ bù ú kún, kí ẹ wá dé e.