Bí Dókítà Ṣe Ń Ṣí Ọ̀nà Oúnjẹ Tó Dí, Tí Omi Kíkan Kò Sì Ní Máa Gòkè

Bí òkèlè iyán bá há ẹnì kan lọ́fun l'Ákùúrẹ́, wọ́n á ní kó fi omi tì í. Ṣùgbọ́n bó bá di ojoojúmọ́, tí omi fúnra rẹ̀ kò lọ mọ́, tí oúnjẹ àná ń padà wá sẹ́nu lóru, àwọn kan á ní wọ́n ti fún un ní nǹkan jẹ, àwọn mìíràn á lọ ra oògùn ọgbẹ́ inú ní kẹ́mísì. Ó lè jẹ́ àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní achalasia.

Níbi tí ọ̀nà oúnjẹ ti pàdé àpò ikùn, iṣan kan yí i ká. Ó máa ń dẹ̀ kí oúnjẹ lè wọlé, lẹ́yìn náà á fún pọ̀ kí omi kíkan má bàa gòkè. Nínú àìsàn yìí, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń mú kí iṣan náà dẹ̀ ti kú, ọ̀nà oúnjẹ kò sì lágbára láti ti oúnjẹ sísàlẹ̀ mọ́. Kò wọ́pọ̀: bí ẹnì kan nínú 100,000 ló ń ṣe lọ́dún. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ṣe ń rù kan eegun kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi kámẹ́rà wo inú ọ̀fun, torí jẹjẹrẹ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Kò sí oògùn tó ń jí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà. Iṣan ọ̀hún ni wọ́n ń gé. Ernst Heller, oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1913. Nígbà yẹn, wọ́n ní láti la ara gbàgà; lónìí, ihò kéékèèké bíi márùn-ún ti tó. Wọ́n á fi gáàsì wú ikùn, kámẹ́rà á gba ihò kan wọlé, irinṣẹ́ á gba ìyókù. Wọ́n á gé iṣan náà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6 lára ọ̀nà oúnjẹ, àti 2 sí 3 lára àpò ikùn. Ibi tó gba sùúrù jù nìyí: iṣan nìkan ni wọ́n ń gé, awọ inú kò gbọdọ̀ lu, ó sì fẹ́lẹ́ bí awọ tó wà lábẹ́ èèpo ẹyin. Bó bá lu, wọ́n á rán an lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣan tí wọ́n gé yìí kan náà ló ń dá omi kíkan dúró. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àyà á máa ta aláìsàn, ọ̀nà oúnjẹ á sì máa bó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fa òkè àpò ikùn wá bo ibẹ̀, tí wọ́n á sì rán an mọ́ etí ibi tí wọ́n gé. Oníṣẹ́ abẹ ará Faransé, Jacques Dor, gbé e gba iwájú ní 1962. André Toupet, òun náà ará Faransé, gbé e gba ẹ̀yìn ní 1963. Wọn kì í wé e yípo tán, torí ọ̀nà oúnjẹ tí kò lágbára kò ní lè ti oúnjẹ kọjá níbẹ̀.

Láti 2008, dókítà Haruhiro Inoue ní Japan ti ń gba ẹnu wọlé gé iṣan náà, láìgé awọ ara rárá. Oúnjẹ á lọ dáadáa, àmọ́ kò sí ìbòrí yẹn, nítorí náà omi kíkan máa ń gòkè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ sì ń lo omeprazole, oògùn tó ń dín omi kíkan kù. Ó yẹ kí aláìsàn mọ èyí kó tó yan ọ̀kan.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ògì àti ẹ̀kọ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Iyán á tẹ̀ lé e ní òkèlè kékeré, pẹ̀lú omi. Agbára tó ń ti oúnjẹ kì í sábà padà, torí náà kí aláìsàn jókòó jẹun, kó má sì dùbúlẹ̀ kété tó bá jẹun tán.