Ojú tó o rí nígbà tí wọ́n "tẹ̀ ẹ́" lóru kì í ṣe ẹ̀rí o

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí síta jàre, torí ó ti ń tú ilé ká. Kò sẹ́ni tí ò gbọ́ ọ rí. Èèyàn sùn, ojú ẹ là, ó ń wo àjà, ó ń gbọ́ bí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ṣe ń ké, àmọ́ ọwọ́ ò ṣe é gbé, ẹnu ò ṣe é là, ó fẹ́ pe Jésù, ó fẹ́ ṣe Bísímílà, ohùn ò jáde, nǹkan wúwo kan sì ti jókòó sí i láyà. Tílẹ̀ bá mọ́ wọ́n á ní wọ́n tẹ̀ ẹ́ lóru ni, ìbéèrè tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni pé "ta lo rí?"

Inú ìbéèrè yẹn gan-an ni ìgbàgbọ́ òdì tí mò ń sọ wà. Ohun tí wọ́n gbà ni pé téèyàn bá ti sùn, ojúlówó ẹni tó wà nínú ẹ á bọ́ síta, ibi tó lọ yẹn layé òótọ́, ayé ọ̀sán tá a wà yìí bojúbojú lásán ni, torí náà ẹni tó bá rí lọ́hùn-ún, kò sí àríyànjiyàn mọ́, òun ló wá tẹ̀ ẹ́. Ó dún bí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí tó jinlẹ̀, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn tó fi gbogbo ayé wọn ronú lórí ẹ̀mí gan-an ò sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ara bẹ̀rẹ̀ ná. Lọ́dún 1953, Eugene Aserinsky àti Nathaniel Kleitman ní Yunifásítì Chicago ṣàkíyèsí pé ó nígbà tí ẹyinjú ẹni tó ń sùn máa ń sáré kiri lábẹ́ ìpéǹpéjú, tí wọ́n bá sì jí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn, àlá ló sábà máa ń rò fún wọn. Ó máa ń tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 kí àkókò yẹn tó tún yí padà wá, ó sì máa ń gùn sí i bílẹ̀ bá ṣe ń mọ́ bọ̀. Lásìkò yẹn, ìdí ọpọlọ, níbi tó ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, á dá iṣan ara dúró, ó ku èyí tó ń yí ojú àti èyí tá a fi ń mí. Michel Jouvet ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé ló fi ológbò wò ó. Nígbà tó ba ibi kékeré kan jẹ́ nídìí ọpọlọ wọn, àwọn ológbò yẹn dìde lójú oorun, wọ́n ń ṣọdẹ nǹkan tí kò sí níbẹ̀. Ẹ wá rò ó wò tírú ẹ̀ bá ṣe èèyàn tó sùn sí yàrá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ohun tó wá ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí wọ́n ní wọ́n tẹ̀ ni pé ọkàn ẹ̀ ti jí, ara ò tíì jí. Bí ilé tí wọ́n mú iná dé sí fésì kan péré, gílóòbù pálọ̀ ń tàn yanran, fíríìjì ò mira. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, tó bá pẹ́ jù ìṣẹ́jú mélòó kan, àmọ́ lójú ẹni tó wà nínú ẹ̀ bí ọdún ni. Àyà tó wúwo yẹn náà, iṣan àárín egungun ìhà ló ti rọ, iṣan pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró nìkan ló ń gbé èémí, èémí á wá kéré, ìwọ fẹ́ mí kanlẹ̀, kò gbà, ọpọlọ á ní nǹkan kan ló jókòó síbẹ̀. Àlá ò sì tíì parí, ẹ̀rù tó bá àlá wá ṣì ń jà lọ, ẹ̀rù ọ̀hún á máa wá ẹni tó máa dì mọ́. Aṣọ àdìrẹ tó o fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lálẹ́ á yọ orí, á yọ èjìká, á máa bọ̀ wá bá ẹ.

Òjìji èèyàn yẹn gan-an, wọ́n ti fi iná mànàmáná pè é jáde rí. Lọ́dún 2002 ní Geneva, Olaf Blanke àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi iná díẹ̀díẹ̀ kan ibì kan lápá ọ̀tún ọpọlọ obìnrin tó ní wárápá, obìnrin náà ní òun ń wo ara òun látòkè níbi tóun dùbúlẹ̀ sí. Nígbà tó di 2006 wọ́n sọ ti ẹlòmíì, tí wọ́n kan tiẹ̀ lápá òsì, òun ní ẹnì kan wà lẹ́yìn òun, tóun bá jókòó onítọ̀hún á jókòó. Wọ́n pa iná, onítọ̀hún lọ. Kò sí àjẹ́ kankan nínú yàrá, dókítà ló wà níbẹ̀.

Ó dáa, tó bá jẹ́ pé ìyá àgbà ilé yín ló ń ṣe é, ta ló ń ṣe é fún wọn ní Japan tí wọ́n ń pè é ní kanashibari? Ní Newfoundland ní Kánádà, arúgbó obìnrin ni wọ́n ní ó ń jókòó sáyà èèyàn. Ní Brazil, obìnrin eléèékánná gígùn kan tó ń rìn lórí òrùlé ni. Àwọn Hausa tá a jọ ń gbé ní Àgége náà ń pè é ní danne. Àwọn tó kó ìwádìí jọ lọ́dún 2011, lórí àwọn èèyàn tó lé ní 36,000, rí i pé tá a bá mú 100 èèyàn, nǹkan bí 8 ló ti ṣe rí, àmọ́ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ó tó 28. Kí ló dé tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára akẹ́kọ̀ọ́? Àwọn ayé ò kórìíra akẹ́kọ̀ọ́ ju àwa tó kù lọ ṣá, àìsùn ni, oorun tí kò ní àkókò, ọkàn tí kò balẹ̀.

Ẹ wá wo Èkó wa yìí. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tó ń ṣiṣẹ́ ní Marina, aago mẹ́rin ìdájí ó ti wà ní ibùdókọ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á mú un lọ á mú un bọ̀ lórí Third Mainland, ó máa tó aago mẹ́wàá alẹ́ kó tó délé, ooru wà ńlẹ̀, NEPA ò mú iná wá, ẹ̀fọn ń kọrin létí, owó ilé ti sún mọ́, ó wá nà gbalaja lórí ẹ̀yìn kó lè rí atẹ́gùn díẹ̀, ẹ̀yìn yẹn sì rèé, sísùn sórí ẹ̀ wà lára ohun tó máa ń fà á. Bí irú oorun yẹn ò bá dàrú, èwo ló máa dàrú? Lọ́jọ́ Sunday ó dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kó wá ṣe fíjìlì ọjọ́ mẹ́ta, oorun tí kò tó tẹ́lẹ̀ tún wá dín kù sí i. Ó dùn mí díẹ̀ o, ó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Àwọn dókítà ọpọlọ tiwa náà ò fojú fò ó. Aina àti Famuyiwa kọ̀wé lórí ohun tá à ń pè ní ogun òru lọ́dún 2007, wọ́n to bí àwa Yorùbá ṣe ń rí i sílẹ̀, ìjà láàárín ọkọ ilé àti ọkọ ọ̀run, oúnjẹ téèyàn jẹ lójú àlá, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Wọn ò fi í ṣẹ̀fẹ̀, torí ẹni tó ń ṣe mọ̀ pé òun rí nǹkan. Èmi náà ò sọ pé kò rí i. Ó rí i dáadáa. Ẹni tó fi pè é ni mi ò gbà.

Ní ilé kan ládùúgbò wa ní Ṣómólú, ilé tí yàrá kọjú síra tí gbogbo ayálégbé jọ ń lo kíṣìnnì kan, ọmọbìnrin kan jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan ó dúró síwájú ìyá arúgbó tó wà ní yàrá ìpẹ̀kun, ó ní "Màmá, mi ò ní bá yín jà, ẹ kàn jọ̀ọ́ ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ̀yin ni mo rí." Ìyá náà ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, wọ́n ní "Níbo lo ti rí mi, ọmọ mi?" Látọjọ́ náà kò sẹ́ni tó jẹ́ kọ́mọ ẹ̀ gba mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ wọn mọ́. Ẹ sì kíyè sí i o, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sígbà tí wọ́n máa rí lánlọ́ọ̀dù tó ń gun jíìpù, opó tí kò lẹ́nìkan ni wọ́n sábà máa ń rí. Tó bá jẹ́ pé ayé òótọ́ lẹ̀mí ń lọ wò, kí ló dé tó jẹ́ ẹni tá a ti ń fura sí lójú mọmọ náà ló máa ń bá níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí fúnra ẹ̀. Àwọn àgbà Íńdíà ti ń bá ìbéèrè yìí fà á láti ohun tó ju ẹgbàá ọdún lọ, pé èwo ni ojúlówó èmi nínú ẹni tó lajú sílẹ̀, ẹni tó ń lálàá àtẹni tó sùn fọnfọn? Nínú ìwé mímọ́ wọn kan, Brihadaranyaka Upanishad, wọ́n ní lójú àlá kò sí ẹṣin níbẹ̀, kò sí kẹ̀kẹ́ ogun, kò sí ọ̀nà, ẹni tó ń lálàá ló dá ẹṣin àti ọ̀nà fúnra ẹ̀. Ìyẹn ni pé àwọn tó gbà pé ẹ̀mí wà títí ayérayé náà gbà pé ọwọ́ alálàá ni ojú tó rí ti wá. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ní Tibet tiẹ̀ máa ń kọ́ ara wọn kí wọ́n lè mọ̀ lójú àlá pé àlá ni, kí ohun tó ń bani lẹ́rù bá dé kí wọ́n mọ̀ ọ́n sí iṣẹ́ ọkàn ara wọn.

Ìwọ tó jẹ́ Mùsùlùmí, ṣebí hádíìsì pín àlá sọ́nà mẹ́ta, ọ̀kan ìròyìn ayọ̀ látọ̀dọ̀ Ọlọ́run, ọ̀kan ti èṣù, ọ̀kan ohun tí ọkàn èèyàn ń bá ara ẹ̀ sọ. Tí àlá bá burú, wọ́n ní kó o wá ààbò Ọlọ́run, kó o yí ẹ̀gbẹ́ tó o fi sùn padà, kó o má sì rò ó fẹ́nì kankan. Kó o má rò ó! Ìwọ wá jáde lọ sí kíṣìnnì lọ dárúkọ ìyá olóyàrá. Ìwọ onígbàgbọ́, ṣí Oníwàásù 5:3, ó ní ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló ń mú àlá wá, bí ẹni pé ó ti wọ dánfó láti Ọ̀jọ́ta rí.

Àwa Yorùbá ńkọ́? Nílé wa, orí inú ni ojúlówó èèyàn, orí tẹ́ni náà lọ yàn lọ́dọ̀ Àjàlá kó tó wáyé, àwọn àgbà sì ní kò sóòṣà tí í dáni í gbè lẹ́yìn orí ẹni. Orí yẹn ò dúró dìgbà tó o bá sùn kó tó jẹ́ tìẹ, ojúmọmọ náà lò ń lò ó. Mi ò mọ ibi tá a ti wá rí ti pé òru nìkan lẹni gidi ń jáde, tó sì jẹ́ pé ẹjọ́ ará ilé ló máa ń wá rò.

Tó bá tún ṣe ẹ́, má jàkadì, ìjàkadì ló ń jẹ́ kẹ́rù pọ̀. Gbájú mọ́ ìka ẹsẹ̀ kan, gbìyànjú kó o jù ú díẹ̀, kó o máa mí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tó o bá fẹ́ gbàdúrà gbà á nínú ọkàn ẹ, ó máa lọ. Fẹ̀gbẹ́ sùn. Sùn ní àkókò kan náà bí Èkó bá gbà fún ẹ. Àmọ́ tó bá ń ṣe ẹ́ léraléra, tí oorun tún ń gbé ẹ lọ lọ́sàn-án láìròtẹ́lẹ̀, tàbí tó o bá rẹ́rìn-ín tí orúnkún ẹ á ṣàdédé yẹ̀, lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábà, ẹni tó bá sì fẹ́ fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé Yábà lo lọ, jẹ́ kó máa ṣe é.