Pesto: orúkọ iṣẹ́ ni, kì í ṣe orúkọ ewé

Ẹni tó bá rí ìgò pesto, ọbẹ̀ àwọn ará Ítálì, lórí pẹpẹ ní súpámákẹ́ẹ̀tì, àwọ̀ ewé rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wò, á sì gbà pé ewé yẹn gan-an ló ń jẹ́ pesto. Rárá o. Basilico ni àwọn ará Ítálì ń pe ewé náà, òun ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní basil. Ìbátan efínrín wa ni. Ẹ fọwọ́ ra á, òórùn rẹ̀ á jẹ́rìí. Ọ̀rọ̀ odó ni pesto ní tirẹ̀.

Pestare lédè Ítálì ni kéèyàn gún nǹkan. Ohun tí wọ́n bá ti gún ló ń jẹ́ pesto. Kò yẹ kí èyí ya Yorùbá lẹ́nu, àwa tí a ní àgúnmu. Àgúnmu kò sọ fún wa bóyá egbò ló wà nínú rẹ̀ tàbí èèpo igi. Ohun tó sọ ò ju pé wọ́n gún un, a ó sì mu ún. Ká ní Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní Genoa, ìlú etíkun tí ọbẹ̀ yìí ti wá, àgúnjẹ ni wọn ì bá máa pè é.

Inú Látìn ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà wà: pinsere, láti gún. Ibẹ̀ náà ni pestle, orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe ọmọ odó, ti wá. Ní Róòmù àtijọ́, ẹni tó ń gún ọkà ni pistor. Nígbà tó yá, ó di orúkọ ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì. Gúúsù ilẹ̀ Faransé sì ní àbúrò pesto kan, pistou.

Ìwé oúnjẹ tí Giovanni Battista Ratto ṣe ní Genoa ní 1863 ló dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní bí èèyàn ò bá rí basilico, kó fi ewé marjoram àti parsley gún un. Ewé yí padà, orúkọ ò yí. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń gún tòmátì pọ̀ mọ́ álímọ́ńdì ní Trapani ní Sicily, erékùṣù kan ní Ítálì, tó pupa, tó sì ń jẹ́ pesto láìsí àríyànjiyàn.

Odó òkúta mábù ni ti Genoa, igi ni ọmọ odó. Aáyù ló ń ṣíwájú, ewé á tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú iyọ̀ oníhóró. Wọn kì í gún un kì kì kì bí iyán. Ńṣe ni wọ́n ń yí ọmọ odó ká ara odó títí ewé á fi fọ́, tí omi rẹ̀ á jáde. Lẹ́yìn náà ni hóró èso igi páìnì, wàràkàṣì, àti òróró ólífì. Kò dé orí iná rárá: omi gbígbóná tí wọ́n fi se pásítà ni wọ́n fi ń là á.

Lóde òní, bùlẹ́ńdà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, irin rẹ̀ a sì máa gbóná débi tí ewé fi ń dúdú. Síbẹ̀ wọ́n ń pè é ní pesto, bí àwa náà ṣe ń ro pọ́ńdò lórí iná tí a kò gún un rárá, tí orúkọ odó ò sì kúrò lára rẹ̀. Àmọ́ níbi ìdíje pesto àgbáyé tó ń wáyé ní Genoa, bùlẹ́ńdà ò wọlé. Odó àti ọmọ odó ni gbogbo olùdíje ń lò.