Kì í ṣe gbogbo irúgbìn ló yẹ ká sá sóòrùn

Ọ̀rọ̀ ebè kíkọ, ìgbẹ́ adìyẹ, ìgbà tó yẹ kéèyàn bomi rin nǹkan, ìyẹn ò ní gba àyè níbí, ẹni tó bá ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé n'Ífẹ̀ á ti mọ̀ ọ́n dé àyè kan. Ibi tí wàhálà wà ni irúgbìn fúnra ẹ̀, pàápàá àṣà kan tó ti gbilẹ̀, pé irúgbìn yòówù tó bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, sá a sóòrùn, jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Tó bá jẹ́ ilá, ó dáa. Tó bá jẹ́ orógbó, ó ti kú nìyẹn. Èèyàn á jẹ máńgòrò tó dùn nínú oṣù May, á sá kóró ẹ̀ sórí páánù títí á fi gbẹ táútáú, á tọ́jú ẹ̀ di òjò ọdún tó ń bọ̀, kò ní hù, ó wá di pé wọ́n ní ọwọ́ ẹ̀ ò dáa fún ọ̀gbìn. Kò sí nǹkan tó ṣe ọwọ́ ẹ̀ rárá, oòrùn ló pa kóró yẹn.

Ẹgbẹ́ méjì ni irúgbìn pín sí. Ilá, ewédú, tẹ̀tẹ̀, ata, tòmátò, ẹ̀wà, àgbàdo, àwọn yìí lè gbẹ, kí wọ́n sùn, kí wọ́n tún jí. Obì, orógbó, kòkó, máńgòrò àti píà, àwọn wọ̀nyí ò mọ bí wọ́n ṣe ń sùn, tómi bá ti lọ lára wọn kọjá ìwọ̀n kan, kò sí omi tó lè dá wọn padà mọ́.

Ẹ wo onílé kan tó fẹ́ rìnrìn àjò tó máa pẹ́. Kó tó jáde, á pa gáàsì, á yọ gbogbo wáyà lára ògiri, á da omi inú kẹ́ẹ̀gì nù, á faṣọ bo àga, á tilẹ̀kùn. Ọdún kan, ọdún méjì, ìgbà tó bá dé, bó ṣe fi ilé sílẹ̀ náà ló ṣe máa bá a. Bí ilá ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Bí èso ẹ̀ bá ti ń gbó lórí igi, igi tó jẹ́ ìyá ẹ̀ á dín oúnjẹ tó ń gbé fún irúgbìn kù, irúgbìn náà á wá máa kó àwọn ṣúgà kan àti purotéènì kan jọ sínú ara ẹ̀, bómi ṣe ń kúrò làwọn yẹn ń gba àyè omi, títí gbogbo inú ẹ̀ á fi le gbagidi, débi tí nǹkan kan ò fi ní lè mira níbẹ̀. Onílé ti rìnrìn àjò. Ṣùgbọ́n obì ò ṣètò ìrìn àjò kankan ní tiẹ̀. Lọ́jọ́ tó bọ́ látorí igi, ìkòkò wà lórí iná, áyọ́ọ̀nù gbóná, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀, gbogbo nǹkan ló ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀ torí pé ó ti ń múra àtihù. Tẹ́nì kan bá wá fipá lé onílé yìí síta báyìí, tó tilẹ̀kùn, tó gé omi ilé, ṣé ilé ò ní jóná ni? Ohun tí oòrùn orí páánù ń ṣe fún obì nìyẹn.

Kì í sì í ṣe pé obì gọ̀. Inú igbó òjò ti ilẹ̀ wa níbí ló ti ṣẹ̀ wá, bí kòkó náà ṣe ti inú igbó South America wá. Nínú irú igbó bẹ́ẹ̀, ibi tí èso bá bọ́ sí tutù, ó níbòòji, kí ló fẹ́ sùn dè? Ilá àti ẹ̀wà ló mọ ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ló nílò oorun.

Ewédú tún ti wá gba ti oorun kọjá ààlà. Èèpo ara irúgbìn ẹ̀ le débi tómi ò fi ní rí ibi gbà wọlé, ẹni tó bá gbìn ín bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ló máa hù, á wá máa ṣépè fún ẹni tó tà á fún un. Àwọn ìyá wa ti mọ ojútùú ẹ̀ tipẹ́: wọ́n á dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10 péré, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á tẹ́ ẹ síbi atẹ́gùn. Ooru yẹn ló ń la èèpo níbì kan kí omi lè rọ́nà wọlé. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú omi, ó ti jinná nìyẹn. Irúgbìn ẹ̀ kéré gan-an, ẹgbẹ̀rún kan ẹ̀ kò ju bíi gírámù 2 lọ, torí náà ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kẹ́ ẹ tó fọ́n ọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú kan ló máa kóra jọ sí. Ọgbọ́n ńlá ni èèpo líle yẹn o: òjò ẹ̀tàn tó rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní February tó tún dá ò lè tan gbogbo wọn jáde, àwọn kan á ṣì wà nínú ilẹ̀. Ìdí nìyẹn téèyàn fi ń rí ewédú níbi tí ẹnikẹ́ni ò gbìn ín sí lọ́dún yẹn.

Fún àwọn tó ń sùn, bí wọ́n ṣe gbẹ tó àti bí ibi tí wọ́n wà ṣe tutù tó ló ṣe pàtàkì. Ìlànà táwọn onímọ̀ irúgbìn fi ń díwọ̀n ẹ̀ ni pé bómi inú irúgbìn bá fi ìdá 1 nínú 100 dín kù, iye ìgbà tó máa lò láyé á di ìlọ́po 2, bí ibi tó wà bá sì fi dígírì 5 tutù sí i, ìlọ́po 2 náà ni. Nítorí náà ọ̀rá tí wọ́n so kọ́ ilé ìdáná ò dáa, ooru iná wà níbẹ̀, bójò bá sì ti ń rọ̀ láti June lọ, omi máa ń pọ̀ nínú atẹ́gùn Ifẹ̀, irúgbìn á fà á mu padà. Ìgò tó dé dáadáa ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ fi èédú gbígbẹ sísàlẹ̀ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé e sí fíríìjì, ẹ má ṣí i bó ṣe ń jáde o, ẹ jẹ́ kí òtútù ara ẹ̀ kúrò ná, torí omi máa là sára irúgbìn.

Orí ìmọ̀ yìí náà ni báńkì irúgbìn, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń kó irúgbìn pamọ́, dúró lé. IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Íbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ní irú ẹ̀wà tó ju 15,000 nípamọ́ nínú òtútù, báńkì irúgbìn tó wà ní Svalbard ní Norway, tí wọ́n ṣí ní 2008, dígírì 18 sísàlẹ̀ òdo ló wà. Iṣẹ́ tó wúlò gidi ni. Ohun tó ń bani nínú jẹ́ ni bí àwọn èèyàn ṣe rò pé torí pé irú ibẹ̀ wà, kò sí igi tó lè parẹ́ mọ́. Ẹ gbé obì síbẹ̀ ẹ wò ó: omi tó kún inú ẹ̀ á dì, á fa gbogbo inú ẹ̀ ya. Àwọn kan ń gbìyànjú láti gé ọmọ inú irú irúgbìn bẹ́ẹ̀ nìkan, kí wọ́n gbé e sínú òtútù tó ju ti fíríìjì lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ni, owó ńlá ni. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni pé kí igi fúnra ẹ̀ wà láàyè lórí ilẹ̀. Bí CRIN, ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó, ṣe ń tọ́jú oríṣiríṣi kòkó àti obì n'Íbàdàn láti 1964 nìyẹn, orí ilẹ̀ ni. Igi tó sì wà lórí ilẹ̀, iná oko lè jó o, àrùn lè mú un, ayùn lè dé sí i. Ìdí nìyẹn tó fi dun èèyàn bí wọ́n bá ń gé obì àti orógbó ẹ̀yìnkùlé lulẹ̀ láìmú èso kankan kúrò lábẹ́ ẹ̀, kí wọ́n lè kọ́ ilé akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Kò sí fíríìjì kankan níbì kankan tí wọ́n ti máa lọ mú òmíì irú ẹ̀ wá.

Àwọn olóbì ò kàwé nípa gbogbo èyí, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀ lọ́jà Odò-Ògbè, inú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ewé tútù tẹ́ ni, wọ́n ń pààrọ̀ ewé, wọ́n ń ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kúrò, obì á ṣì tutù fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ohun tẹ́ni tó fẹ́ gbìn ín náà máa ṣe nìyẹn, ewé tútù, tàbí lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́mìì tó lómi díẹ̀ lára, níbi tí oòrùn ò dé. Kòkó ò ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ ẹ bá ti fọ́ ọ ẹ gbìn ín láàárín ọjọ́ mélòó kan, kẹ́ ẹ má sì gbé e dé ẹ̀bá fíríìjì, òtútù ń pa á. Ti orógbó ló ń gba ìfaradà jù: ẹ bó èèpo tó lẹ̀ mọ́ kóró ẹ̀ kúrò kó lè yá díẹ̀, ẹ gbìn ín sínú ọ̀rá tẹ́ ẹ rọ ilẹ̀ dúdú sí, lábẹ́ ibòòji. Ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Tó bá tó oṣù mẹ́fà tí kò tíì yọjú, ẹ má da ilẹ̀ yẹn nù, ẹ fọwọ́ wa ibẹ̀ díẹ̀ wò, bí kóró náà bá ṣì le tí kò tíì rà, ó ṣì wà láàyè, ẹ bò ó padà kẹ́ ẹ máa bomi rin ín.